Ẹ Kẹ̀yìn sí Oòrùn: Yíya Fọ́tò Àfẹ̀mọ́júmọ́ Ìgbà Òtútù ní Etí Adágún Derwentwater

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn onífọ́tò Yorùbá ní Manchester nìyí. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin àbúrò tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn wọlé. Ẹ kú òtútù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí kí n sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò òde: bí a ṣe ń ya ìyàwó nígbà tó bá ń jó wọlé, bí a ṣe ń mú ojú ìyá ọkọ nígbà tí kò mọ̀ pé a ń wo òun. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń jẹun, òun náà lẹ sì mọ̀ mí mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń lọ ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, nígbà tí òde Sátidé bá ti tán, ni mo fẹ́ mú yín lọ lálẹ́ yìí. Adágún omi kan ni, àwọn òkè yí i ká, Derwentwater ni wọ́n ń pè é. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lọ síbẹ̀ nígbà òtútù láti ya fọ́tò ilẹ̀ tó ń mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, àlàyé rẹ̀ ni gbogbo ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ ya àfẹ̀mọ́júmọ́ níbi tí òkè àti omi wà, kó kẹ̀yìn sí oòrùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì. Gbogbo wa la máa ń kọjú sí ìlà oòrùn, tí à ń dúró de bọ́ọ̀lù pupa kan. Ọdún méjì gbáko ni èmi náà fi ṣe bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù pupa sì kún inú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n jọra bí ìbejì, kò sí èyí tí mo lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni mo yà á. Ọjọ́ tí mo yíjú padà ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ibẹ̀ hàn yín. Derwentwater wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn England, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Lake District, ìlú Keswick ló wà létí rẹ̀. Láti ibí, bíi wákàtí méjì ni tí ọ̀nà bá dá: M6 títí dé Penrith, kí a tó yà sí A66. Adágún náà gùn tó máìlì mẹ́ta, ó fẹ̀ tó máìlì kan, ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ sì tó bíi mítà 22. Ẹ fi nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, a ó padà sídìí rẹ̀. Erékùṣù kéékèèké mẹ́rin tí igi bò wà láàárín omi. Bí ẹ bá dúró ní etí omi lápá ìlà oòrùn, òkè Catbells, tó ga ní mítà 451, ni yóò kọjú sí yín ní òdìkejì, ẹ̀yìn rẹ̀ rí gágàgúgù bí ẹ̀yìn ẹranko tó dùbúlẹ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún yín, lẹ́yìn Keswick, Skiddaw ló dúró gbagidi yẹn, mítà 931. Ní ọwọ́ òsì ni àfonífojì Borrowdale, níbi tí odò ti ń ṣàn bọ̀ wá sínú adágún. Lẹ́yìn yín gan-an, àpáta Walla Crag ló dúró bí ògiri. Ògiri yẹn ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ mi.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà débẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà ní Keswick, George àti Ashley Abraham, onífọ́tò ni bàbá wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó dáyé. Láti apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn méjèèjì ti ń gbé kámẹ́rà onígi pẹ̀lú gíláàsì tí wọ́n ń yàwòrán sí gun àpáta, okùn ní ìbàdí, ẹrù lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí apá bá ń ro mí lórí òkè, àwọn ni mo máa ń rántí. Kámẹ́rà tèmi kò wúwo tó ìdajì ọmọ ọwọ́.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń mọ́.

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Òkè níwájú, òkè lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà. Ní Ìdànrè, ilẹ̀ kì í pẹ́ mọ́. Àkùkọ á kọ, ìyá mi á ti na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀, a ò sì ní tíì gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tí ojúmọ́ á ti là kedere. Bí ẹ bá wo aago, láti ìgbà tí ojú ọ̀run bá ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè dá ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà mọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn yóò yọ, nílẹ̀ wa lóṣù Kejìlá, ó jẹ́ bíi ìṣẹ́jú 22. Ní Keswick, lóṣù kan náà, ìṣẹ́jú 45 ni. Ìlọ́po méjì! Ohun tó fà á ni pé nílé, oòrùn ń gòkè bí ẹni gun ọ̀pẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà sókè. Níhìn-ín, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ gùn, bí ẹni tó gbé ẹrù lórí tó ń fi ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ gun òkè, ó ń lọ sápá ọ̀tún bó ṣe ń lọ sókè.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i bó ṣe lọ sílẹ̀ tó. Ẹ na apá yín gbọọrọ síwájú, kí ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ kan báyìí tó bíi dígírì mẹ́wàá lójú ọ̀run. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá, ní Keswick, oòrùn ọ̀sán gangan kò ju dígírì 12 lọ. Ẹ̀ṣẹ́ kan àti ìka kan lókè ilẹ̀! Ní Èkó lọ́jọ́ yẹn, á tó 60. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tí à ń fi wákàtí kan péré rí nílé, èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá tó sì ń na òjìji sílẹ̀, gbogbo ọjọ́ la fi ń rí i níhìn-ín nígbà òtútù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sunkún pé oòrùn òyìnbó kò lágbára. Lọ́wọ́ ayàwòrán, àìlágbára yẹn ni ọrọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni oòrùn máa ń yọ, ní gúúsù ìlà oòrùn. Èmi máa ń dé etí omi ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Òkùnkùn biribiri ni. Ẹ mọ ohun tí àwọn bàbá wa máa ń wí: ojúmọ́ mọ́, àgbẹ̀ jí tòun tàrúkọ́, ọmọ ọdẹ jí tapó tọrán. Èmi náà jí pẹ̀lú trípọ́dù mi, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé. Èbúté onígi kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ashness Jetty, ibẹ̀ ni mo máa ń gbé e kalẹ̀ sí. Màá fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀, màá tẹ ẹsẹ̀ trípọ́dù mọ́lẹ̀ kó má yẹ̀, màá pa tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, màá dákẹ́.

Ní bíi aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ wo apá ìwọ̀ oòrùn, lókè Catbells. Ẹ ó rí ọ̀já kan tó nà gbọọrọ lójú ọ̀run, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré, tí kò tíì dúdú. Lórí ọ̀já yẹn ni ọ̀já mìíràn wà, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Mo rí i fún ọdún méjì láìmọ ohun tó jẹ́, mo rò pé ìkùukùu ni. Òjìji ayé ni. Ayé tí à ń tẹ̀ yìí gan-an, oòrùn wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn wa, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, òjìji ayé sì ń bọ́ sójú afẹ́fẹ́ níwájú wa. Èyí tó pọ́n lórí rẹ̀ ni ibi tí ìtànṣán ti ń kọjá lórí òjìji náà. Bí oòrùn ṣe ń gòkè lẹ́yìn yín, bẹ́ẹ̀ ni òjìji yẹn ń rọ̀ sílẹ̀ níwájú yín, títí yóò fi wọ ẹ̀yìn òkè. Àwọn tó kọjú sí ìlà oòrùn kò ní rí i láé. Ẹ̀yìn wọn ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Bí òjìji bá ti wọlẹ̀ báyìí, ẹ múra. Orí òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ ń balẹ̀. Omi ṣì wà nínú òkùnkùn fẹ́ẹ́rẹ́, èbúté ṣì tutù, ṣùgbọ́n ṣóńṣó Catbells á ṣàdédé pọ́n bí ẹni fi osùn pa á lórí. Kì í ju bíi ọwọ́ kan lọ lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti jókòó níbẹ̀ ju ogójì òwúrọ̀ lọ, kò sígbà kan tí àyà mi kì í já.

Kí ló ń mú un pọ́n? Bí oòrùn bá wà lórí wa gangan, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá. Bó bá wà ní etí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń là kọjá tó ìlọ́po 38 tọ̀sán gangan. Nínú ìrìn gígùn yẹn, àwọ̀ aró tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́n ká sójú ọ̀run, pupa ló ń ṣẹ́ kù tó ń dé orí òkè. Lord Rayleigh, onímọ̀ ọmọ England, ló ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́dún 1871. Àwọ̀ aró tó fọ́n ká yẹn náà ló padà ń bọ́ sórí omi àti sórí yìnyín tó wà nínú òjìji. Ìdí nìyí tí fọ́tò náà fi ní àwọ̀ méjì tó ń pe ara wọn: osùn lókè, aró nísàlẹ̀. Láyé àtijọ́, funfun, dúdú àti pupa ni Yorùbá fi ń pín àwọ̀, pupa sì gbòòrò, ó gba epo, ó gba osùn, ó gba ìyeyè tó pọ́n. Létí adágún, mo ti rí i pé ìpín yẹn tọ̀nà. Kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí osùn ti parí tí epo ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè yẹn.

Mo sọ pé ògiri Walla Crag ṣe pàtàkì. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ tí wọ́n kọ sórí fóònù yín, ti ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Níbi tí òkè bá dí ìlà oòrùn, oòrùn lè ti yọ fún ìgbà pípẹ́ kó tó fọwọ́ kan omi níbi tí ẹ dúró. Ẹni tó ń dúró de oòrùn níbẹ̀ máa ń rò pé wọ́n tan òun jẹ, á palẹ̀ ẹrù mọ́, á lọ mu tíì. Ẹni tó kẹ̀yìn sí i ti parí iṣẹ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń fi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Lọ́dún 1944, Ansel Adams ti Amẹ́ríkà ya òkè Sierra Nevada láti ìlú Lone Pine ní California. Ó pe fọ́tò náà ní yíyọ oòrùn ìgbà òtútù, síbẹ̀ kò sí oòrùn nínú rẹ̀. Ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí. Òkè oníyìnyín ń tàn lókè, òkè kékeré dúdú wà láàárín, pápá kan wà nísàlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sí, ẹṣin kan sì ń jẹko nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Òwúrọ̀ mẹ́rin ló ti lọ síbẹ̀ tí kò rí ohun tó fẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé kámẹ́rà sórí òrùlé ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dúró. Ẹṣin náà kọ ìdí sí i. Ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ẹṣin kò yí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bọ́, ẹṣin yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, Adams tẹ bọ́tìnnì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni òwúrọ̀ mẹ́rin yẹn. Ó ti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa balẹ̀ sí kí ìmọ́lẹ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wo omi náà. Mo ní kí ẹ fi mítà 22 sọ́kàn. Omi máa ń wúwo jù lọ nígbà tó bá wà ní bíi dígírì Celsius mẹ́rin. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, omi ojú adágún á tutù, á wúwo, á rì sísàlẹ̀, èyí tó gbóná díẹ̀ á gòkè wá gba ipò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa pààrọ̀ títí gbogbo adágún á fi dé dígírì mẹ́rin, ìgbà yẹn ni ojú omi tó lè tutù kọjá bẹ́ẹ̀ kó wá dì. Adágún tó jìn máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Wastwater, tó jìn jù ní England, tó mítà 79, ó ṣòro kó tó dì. Derwentwater kò jìn tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń tètè ní yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ létí, bíi gíláàsì tó ti sán. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kò sí fọ́tò tó tó ẹ̀mí, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ igbe yín ní aago méje òwúrọ̀.

Ní oṣù Kejìlá, kí omi tó tutù tán, ni kùrukùru rẹ̀ máa ń dára jù. Afẹ́fẹ́ òru ti tutù ju omi lọ, ó ti rọ̀ láti orí òkè wá sínú àfonífojì, torí afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Bó bá kan omi tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, omi á máa rú èéfín bí ìkòkò àgbo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òwúrọ̀ tó máa rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó lálẹ́ tó ṣáájú: kí ìràwọ̀ yọ kedere, kí afẹ́fẹ́ má fẹ́, kí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrì dídì. Òru tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sí kùrukùru, ẹ lè sùn.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá fẹ́, omi á di dígí. Níbí, ẹ gbé kámẹ́rà sílẹ̀ dáadáa, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, odindi òkè pẹ̀lú osùn orí rẹ̀ á wọ inú omi. Èyí tó wà nínú omi máa ń ṣókùnkùn ju èyí tó wà lókè lọ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Mo ti rí fọ́tò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà mú kí omi mọ́ ju ojú ọ̀run lọ, ojú ẹni kì í gbà á, kódà kí ẹni tó ń wò ó má mọ ìdí. Ẹ sì yọ fílítà tí ń pa dídán omi kúrò lẹ́nu lẹ́ǹsì, á gbé òkè inú omi lọ.

Ọ̀rọ̀ yìnyín, sínóò tí àwọn ọmọ wa ń pè é. Níbí, ẹ̀yin onífọ́tò òde ti mọ̀ ju ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ń ya òkè lọ, ẹ kàn lè má mọ̀ pé ẹ mọ̀ ni. Kámẹ́rà máa ń rò pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun ní àwọ̀ eérú. Bí ẹ bá gbé e kọjú sí ẹni tó dúdú tó wọ agbádá funfun, á rí funfun, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, agbádá á di eérú, ojú bàbá á sì dúdú tí a ò ní rí ẹyinjú rẹ̀. Gbogbo wa la ti jìyà rẹ̀, gbogbo wa la sì ti kọ́ láti fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Yìnyín kò yàtọ̀ sí agbádá yẹn. Bí ẹ bá jẹ́ kí kámẹ́rà dá pinnu, yìnyín á dà bí eérú ààrò. Ẹ yí ibi tí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò sí +1, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí yìnyín bá bo ibi gbogbo, kí ẹ sì wo histogram, àwòrán inú kámẹ́rà tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, kí funfun má bàa jóná pátápátá. Ẹ má fi àwọ̀ sí àdáṣe kámẹ́rà, torí á rí osùn, á rò pé àṣìṣe ni, á fọ̀ ọ́ nù. Ẹ fi sí ti oòrùn ọ̀sán, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ni kí ẹ fi yà á. ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/11 (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe là tó), trípọ́dù á gbé ìyókù. Ní òkùnkùn àkọ́kọ́, ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí fọ́tò kan tó parí, nítorí náà ẹ má fi ìka tẹ bọ́tìnnì kí ó má gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kó ka ìṣẹ́jú àáyá méjì fúnra rẹ̀.

Òtútù máa ń jẹ bátìrì. Èyí tó kún lálẹ́ lè fi hàn pé òun ti tán láàárín wákàtí kan. Kò tíì tán, ó tutù ni. Ẹ fi mẹ́ta sí àpò àyà, lábẹ́ aṣọ, kí ara yín máa mú un móoru, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn. Ìbọ̀wọ́ méjì ni kí ẹ wọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, nípọn lóde. Ẹ má mí sí ẹ̀yìn kámẹ́rà, èémí á dì síbẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí mo ṣe lọ́dún kẹta, ó ṣì ń dùn mí. Òru náà tutù dé bíi dígírì mẹ́jọ sísàlẹ̀ òdo, kùrukùru wà, Catbells fi yìnyín bora bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Ìka mi ti kú. Mo gbé kámẹ́rà, mo wọ inú ọkọ̀, mo tan ẹ̀rọ amúlégbóná, mo ní kí n yá iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí mo wo lẹ́ǹsì, ìrì ti bò ó, bí dígí inú ilé ìwẹ̀. Mo sáré jáde, ìrì náà dì sórí lẹ́ǹsì. Mo ń fi aṣọ nù ún, ó ń fọ́n kiri. Òkè pọ́n níwájú mi, ó pọ́n títí dé ìsàlẹ̀, mo dúró tí mò ń fi ojú lásán wò ó. N kò rí irú òwúrọ̀ yẹn mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà níta títí iṣẹ́ á fi parí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé tàbí wọ ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ má sì tú u títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìrì á bọ́ sára ọ̀rá, kò ní bọ́ sára lẹ́ǹsì.

Nígbà tí mo parí, bàbá kan dìde, àgbà onífọ́tò tó ti ń ya ìjókòó ẹbí láti ìgbà fíìmù. Ó ní: “Ìyá Ìbejì, gbogbo ohun tí o sọ yé mi. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, ta ni a fẹ́ fi hàn nínú rẹ̀?” Mo kúnlẹ̀ kí wọn kí n tó dáhùn, torí ìbéèrè náà wúwo. Lọ́dọ̀ wa, fọ́tò jẹ́ ti ẹni tó jókòó, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún, tó wo iwájú, kí ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo sọ fún wọn pé, “Bàbá, àwọn ará Ìbàdàn ń ṣọdún Òkè'Bàdàn. Ẹ̀gbá kò lè sọ ìtàn ara wọn láìdárúkọ Olúmọ. Ní Ìdànrè, orí òkè ni àwọn baba wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òkè kì í ṣe ohun tó kàn wà lẹ́yìn èèyàn, ó lóríkì. Ìjókòó ni mò ń ya Catbells. Ó jókòó, mo dúró dè é títí ó fi ṣetán.” Wọ́n mi orí, wọ́n ní ó di dandan kí àwọn rí i.

Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá fóònù lè ṣe é. Ó lè ṣe é dáadáa, bí ẹ kò bá fi ọwọ́ mú un. Ẹ gbé e ti òkúta, kí ẹ jẹ́ kó ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹ tẹ ojú rẹ̀ níbi tí òkè ti pọ́n, kì í ṣe níbi tó ti ṣókùnkùn, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi ìka méjì fa òkè súnmọ́ tòsí, ẹ jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ fi fóònù sí àpò àyà pẹ̀lú bátìrì, torí òtútù kò mọ̀ ọ́n sí ẹbí.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, mo ń lọ. Mo ní àyè mẹ́ta nínú ọkọ̀. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa gbéra láti ibí, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni, torí òjìji ayé kì í dúró dè mí. Bàbá ti gba àyè kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ wá pè mí kó tó di Ọjọ́bọ̀, kó mú bàtà tó nípọn, tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rá ńlá méjì wá. Èmi á mú tíì àti mọ́ínmọ́ín gbígbóná wá.